Ìyá àgbà bi mí ní ìbéèrè nípa àbàtà ilẹ̀ òtútù, mi ò rí i dáhùn. Ẹ gbà mí o

Ọmọ Alákùrọ̀, Ọbáńtòkó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Àìkú, mo sì mọ̀ pé àwọn tó lè là mí lọ́yẹ̀ wà níbí.

Ìmọ̀ ilẹ̀ ni mo kà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè gbà láti lọ ṣe ìwádìí ọ̀mọ̀wé ní Finland, oṣù kẹsàn-án ni mo máa gbéra bí Ọlọ́run bá fẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni pé kí n máa wọn afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára àbàtà kan tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ nígbà kan, tí wọ́n wá ń dá omi padà sí báyìí. Peat ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe amọ̀, kì í ṣe iyanrìn. Òkú ewéko ni, tó ti ń jọ léra wọn nínú omi láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí kò sì jẹrà tán.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo lọ bá Ìyá àgbà ní àkùrọ̀ wọn, ní ìsàlẹ̀ àfonífojì kan lápá ọ̀nà Ọdẹ́dá. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ṣọkọ, ewédú àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn láti ìgbà tí màmá mi wà lọ́mọ ọwọ́. Mo jókòó sórí koríko, mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wọn. Mo ní ewéko tó bá kú sínú omi níbẹ̀ kì í jẹrà, ìdí nìyẹn tí àbàtà fi ń pa kábọ́ọ̀nù mọ́. Ìyá ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ṣé inú omi kọ́ ni mo ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí tó fi ń rà? Ọjọ́ mẹ́rin péré, o ti lè fi ọwọ́ fọ́ ọ."

Ẹnu mi wọhò. Kí n tó rí nǹkan sọ, wọ́n ti ki ẹsẹ̀ bọ etí ibi tí omi dúró sí, wọ́n tẹ ẹrẹ̀ náà mọ́lẹ̀, omi sì hó pọ́kọ́pọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ wọ̀n kọ́ nìyí? Bí èyí náà bá ń mú ayé gbóná, tí ẹ wá ń da omi sí ilẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ ò ha ń fi kún un ni?"

Mo mọ ìdáhùn tó wà nínú ìwé. Èyí tí mo ń wá ni èyí tí mo lè fi ẹnu Yorùbá sọ fún obìnrin tó mọ àbàtà jù mí lọ. Ohun kan tún wà níbẹ̀: ẹni tí àkùrọ̀ rẹ̀ bá ti Ìyá pààlà ti ta tirẹ̀, típà ti ń já yẹ̀pẹ̀ sí i. Àwọn kan ti wá bá Ìyá náà. Ìyá ń wò mí lójú, bíi pé ohun tí mo bá sọ nípa àbàtà ilẹ̀ òtútù ni wọ́n máa fi pinnu tiwọn.

Bàbá Ìbarà

Ọmọ mi, o kú oríire. Bá mi kí Ìyá dáadáa, nítorí ìbéèrè méjèèjì tí wọ́n bi ẹ́ yẹn, àwọn àgbà onímọ̀ ló ń fi ọdún gbọọrọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Finland kí n tó padà wálé, nítorí náà màá sọ ohun tí ojú mi rí.

Ká ti ibi ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè: bí wọ́n bá ń jọ fùfú, kí ni wọ́n ń kó dànù? Okùn inú ẹ̀gẹ́ ni. Okùn yẹn kò rà. Kí wọ́n fi í sínú omi náà fún oṣù kan, wọn á tún bá a níbẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ lè jẹ sítáàṣì, nítorí oúnjẹ tó rọ̀ ni. Ohun tó bá le bí igi àti okùn, àwọn kòkòrò tó ń tètè fọ́ ọ nílò ọ́síjìn. Ọ́síjìn kì í sì í tètè wọ inú omi tó dúró. Bó ṣe ń yára rìn nínú afẹ́fẹ́ fi ìlọ́po bí 10,000 ju bó ṣe ń rìn nínú omi lọ. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó wà lókè ti lò ó tán kó tó dé ìsàlẹ̀.

Rántí ògì pẹ̀lú. Ògì tó ti kan, tó wà lábẹ́ omi rẹ̀, tí a sì ń pààrọ̀ omi ọ̀hún, ó ń pẹ́. Kíkan yẹn ló ń lé ohun tí ì bá bà á jẹ́. Àbàtà ọ̀hún náà kan. Ewéko kékeré kan tó ń jẹ́ sphagnum ló ń sọ omi ibẹ̀ di kíkan, tí ewéko mìíràn kì í fi í rọrùn fún láti gbèrú níbẹ̀. Kò ní gbòǹgbò rárá. Orí rẹ̀ ń hù lókè, ìdí rẹ̀ ń kú sísàlẹ̀, èyí tó kú yẹn ló ń di peat. Bí o bá ń rìn lórí rẹ̀, bíi tìmùtìmù ló ń ṣe lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fún un bí ẹni ń fún ewúro, omi tó jáde kún ife tíì. Ó lè gba omi tó tó ìlọ́po 20 ìwọ̀n ara rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Wá fi òtútù kún un, ilẹ̀ tí yìnyín bò fún oṣù márùn-ún, o ò ní bi mí mọ́ bí kò ṣe jẹrà.

Bí peat ṣe ń ga tó ni kí o sọ fún Ìyá, nítorí òun ló wọ̀ mí lára jù. Nǹkan bíi mìlímítà kan ni lọ́dún. Gbogbo ọjọ́ tí Ìyá ti lò láyé, láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn títí di òní, kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ lọ nínú ilẹ̀ yẹn, ìbú àtẹ́lẹwọ́ wọn. Àwa máa ń ti irin kan wọlẹ̀, ó rí bí ọparun tí a là sí méjì, a ó yí i, a ó fà á jáde pẹ̀lú ilẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, níbi tó jìn tó mítà mẹ́ta àtààbọ̀, ẹ̀ka igi kan jáde nínú rẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ṣì funfun. Ilẹ̀ tó yí i ká pupa bí epo tó ti dì. Mo dúró, mo ń wò ó. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí afẹ́fẹ́ fi kàn án, ó ti dúdú kirikiri. Ohun tó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sùn, ojú mi ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Láti ọjọ́ yẹn ni ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ti yé mi.

Ní Denmark lọ́dún 1950, àwọn tó ń gé peat fún iná dídá rí òkú ọkùnrin kan nínú rẹ̀, irùngbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, wọ́n rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á ni. Ó ti lé ní 2,300 ọdún tó ti wà níbẹ̀.

Omi ló ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Ní Finland, ó ju ìdajì irú ilẹ̀ yìí lọ tí wọ́n la gọ́tà sí kí igi gẹdú lè hù dáadáa, ìyẹn sì pọ̀ jù láàárín 1960 sí 1980. Igi hù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti lọ, ọ́síjìn wọlé, àwọn kòkòrò tí kò rí nǹkan ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́ dìde sí oúnjẹ, CO2, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí kábọ́ọ̀nù inú ewéko ń dà, tó sì ń mú ayé gbóná, ń jáde tọ̀sán-tòru. Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń rì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbì kan tí wọ́n ń pè ní Holme Fen, wọ́n ri òpó irin mọ́ inú peat lọ́dún 1851 títí orí rẹ̀ fi bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Lónìí òpó náà yọ lókè tó mítà mẹ́rin. Òpó kò ga sí i. Ilẹ̀ ló lọ.

Ilẹ̀ peat gbogbo ayé kò ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ lọ, síbẹ̀ kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ ju ti gbogbo igi inú igbó ayé lọ. Díẹ̀ lára rẹ̀ tí àwọn èèyàn ti fa omi rẹ̀ gbẹ ń tú afẹ́fẹ́ amáyégbóná tó tó ìdá mẹ́rin sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo èyí tí ọmọ èèyàn ń tú jáde.

Ó wá ku methane, èyí tí Ìyá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ jáde. Wọn kò ṣì í. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 28 ti CO2, ìwọ̀n fún ìwọ̀n. Bí a bá sì dá omi padà, ó ń pọ̀ sí i. Mo ti fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n. Àmọ́ kì í pẹ́ lókè. Nǹkan bí ọdún 12, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti pòórá. CO2 ní tirẹ̀ ń lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Fi ajere àti ìkòkò ṣàlàyé fún Ìyá. Bí o bá ń bu omi sínú ajere ní ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́, omi á dé ibì kan, á dúró níbẹ̀, nítorí bó ṣe ń wọlé ló ń jò. Methane nìyẹn. CO2 ni ti ìkòkò tí kò lu: ife kan lónìí, ife kan lọ́la, kò ní dúró, á kún, á ṣàn. Ilẹ̀ gbígbẹ ń bu omi sínú ìkòkò, kò sì ní ṣíwọ́ títí peat náà fi máa tán. Kí o sì rántí pé kí wọ́n tó la gọ́tà sí i, àbàtà náà ti ń tú methane fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Kì í ṣe nǹkan tuntun lójú ayé. Kódà omi tó dúró nínú gọ́tà ọ̀hún ń tú u.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni ibi tí a jẹ́ kí omi dé. Bí omi bá bo ojú ilẹ̀ mọ́lẹ̀, methane á jáde wàà. Bó bá fi ìwọ̀n ìka mélòó kan wà nísàlẹ̀, àwọn kòkòrò mìíràn wà nínú sphagnum tó wà lókè, methane ni oúnjẹ tiwọn. Bí oníbodè ni wọ́n rí, ohun tó ń gòkè bọ̀ wọ́n ń gba tiwọn lára rẹ̀. Àwọn koríko kan wà tó ń fo oníbodè yìí, igi wọn ní ihò nínú bí igi ewé ìbẹ́pẹ, methane á gba inú rẹ̀ yọ sí ìta. Máa wo irú ewéko tó wà lábẹ́ àpótí rẹ, èyí tí o máa dé mọ́ ilẹ̀ láti fi wọn afẹ́fẹ́ tó ń jáde, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó wọn ohunkóhun.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí o dì mú: pákó tí wọ́n tẹ́ lọ síbi àpótí, má ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí Ìyá fi ẹsẹ̀ ṣe yẹn gan-an ni. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì mi ṣòfò lọ́dún àkọ́kọ́ nítorí mo ń fi orúnkún kúnlẹ̀ lórí ẹrẹ̀ láti ti àpótí dáadáa, methane ń hó wọ inú rẹ̀, mo rò pé ilẹ̀ ló ń tú u fúnra rẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Bí o bá ti wọn ti àpótí tó mọ́ gaara, fi aṣọ dúdú bò ó, kí o wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú òkùnkùn, ewéko kò lè fa CO2 wọlé mọ́, mímí nìkan ló kù. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni oúnjẹ tí ewéko ń fi oòrùn sè.

Kẹ́hìndé, Kútọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè mi méjì ni. Bí wọ́n bá dá omi padà, ṣé ilẹ̀ náà ń san lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ ìwé ni? Ṣé kò sì sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni?

Bàbá Ìbarà

Kẹ́hìndé, ó ń san, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Ní Quebec ní Kánádà, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Bois-des-Bel, tí wọ́n ti gé peat rẹ̀ tà fún àwọn tó ń gbin òdòdó. Ó wá dúró ní ìhòòhò, dúdú, kò hu nǹkan gidi kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1999, wọ́n dí àwọn gọ́tà, wọ́n lọ gé sphagnum láti ibòmíràn, wọ́n fọ́n ọn ká bí ẹni ń fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀, wọ́n sì fi koríko gbígbẹ bò ó kí oòrùn má baà pa á. Èyí tí o bá gé lórí ilẹ̀ kan lè kárí ilẹ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọn ún ní nǹkan bí ọdún 14 lẹ́yìn náà, kábọ́ọ̀nù tó ń wọlé ti ju èyí tó ń jáde lọ. Èyí tó ti lọ kò padà o. Mítà méjì peat, ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ni. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí ìyókù má lọ.

Ó sì ní ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ́n yí àwọn apá kan nínú irú àbàtà yìí ká bí ilé tí kò ní òrùlé, wọ́n ń mú afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ inú rẹ̀ gbóná ní ìpele-ìpele, títí dé ìwọ̀n Celsius 9 ju ti ìta lọ. Omi wà níbẹ̀ o, kò sẹ́ni tó la gọ́tà. Síbẹ̀ bó ṣe ń gbóná sí i ni kábọ́ọ̀nù tó ń pàdánù ń pọ̀ sí i, sphagnum sì ń kú lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí wọ́n tètè dí gọ́tà, nígbà tí òtútù ṣì ń bá wa ṣiṣẹ́.

Ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú: ó wà. Lágbedeméjì odò Congo, igbó àbàtà kan wà tí peat rẹ̀ fẹ̀ tó 145,500 kìlómítà níbùú-lóròó, ó ju ìlọ́po mẹ́jọ Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ń lọ sí 30 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ọdún 2017 ni àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fáyé rí. Ooru wà níbẹ̀ bí ti wa, omi ló dì í mú.

Àgbẹ̀ Alábàtà

Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú àlàyé. Èmi ò lọ òkè òkun, ṣùgbọ́n ọ̀nà Alábàtà ni oko mi wà, ẹ sì wo orúkọ yẹn fúnra rẹ̀, àbàtà wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyá ni mo fẹ́ dá sí.

Lọ́dún 2016, èmi náà ya gọ́tà sí àkùrọ̀ mi. Mo rò pé bí omi bá dín kù, máa lè gbin ẹ̀gẹ́ sí i lọ́dún yípo. Ọdún kìíní, ẹ̀gẹ́ náà ta dáadáa, inú mi dùn. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ilẹ̀ dúdú tí mo máa ń fi ọwọ́ bù tẹ́lẹ̀ ti di eérú lásán. Lẹ́ẹ̀rùn, ó sán bí ẹsẹ̀ tí kò rí òrí. Kànga tí mo gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí kì í gbẹ tẹ́lẹ̀, gbẹ ní oṣù kejì. Nígbà tí òjò dé, omi kò dúró lọ́dọ̀ mi mọ́, ó ń ya lọ bá àwọn tó kọ́lé sísàlẹ̀, wọ́n sì wá bá mi jà. Àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ìgbà tí mo tú àbàtà mi ká ni mo mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n. Mo ti fi àpò iyanrìn dí gọ́tà náà láti bí ọdún mẹ́rin, kànga ti ń ní omi títí di oṣù kẹta báyìí. Kànga nìkan ni ẹ̀rí mi, mi ò ní ẹ̀rọ tí mo fi wọn afẹ́fẹ́.

Àbúrò, jọ̀ọ́, bẹ Ìyá kí wọ́n má tà á. Ẹni tó bá ra àkùrọ̀ láti da yẹ̀pẹ̀ sí i, kì í mọ ibi tí omi rẹ̀ ń gbà.

Ọmọ Alákùrọ̀, Ọbáńtòkó

Bàbá Ìbarà, Àgbẹ̀, Kẹ́hìndé, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Ìyá lánàá, lórí ẹní níwájú ilé.

Níbi ọ̀rọ̀ okùn ẹ̀gẹ́, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Òótọ́ ni, kì í rà. Orí ààtàn ni mo ti ń bá a lọ́dún kejì." Ti ajere dùn mọ́ wọn, wọ́n ní kí n tún un kà. Ibi sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ni wọ́n ti ní kí n dúró. Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ wọn síwájú, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Gbogbo èmi nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Ẹnì kan wá fi katapílà hú u lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Láàárọ̀ yìí, wọ́n jí mi pé ká lọ sí àkùrọ̀, wọ́n fẹ́ mọ bí tiwọn ṣe jìn tó. Kò sí irin irú ti Bàbá Ìbarà, ọparun ni a là. Mo tì í wọlẹ̀, mo yí i, mo fà á jáde. Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé tiwa kì í ṣe peat, pé ẹ̀ẹ̀rùn ibí kì í jẹ́ kó jọ tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè tó ìdajì apá mi. Lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ eléérú ni, ó tutù, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ìyá fi ìka kan ibi tí dúdú ti parí, wọ́n bi mí bóyá ìyẹn dàgbà ju àwọn lọ.

Lẹ́yìn náà ni a rìn lọ sí ààlà, níbi tí típà ti já yẹ̀pẹ̀. Mo fẹ́ ti ọparun wọlẹ̀ níbẹ̀ náà. Kò wọlé.

Wọn ò tíì fún àwọn tó wá bá wọn ní èsì. Wọ́n ní tí mo bá dé Finland, kí n fún ewéko yẹn fún àwọn, bíi ti ewúro, kí n ya fọ́nrán rẹ̀, kí àwọn fi ojú rí omi tó máa jáde.